Bí Òǹrajà Ṣe Lè Gba Owó Rẹ̀ Padà Nígbà Tí Ọjà Òkè-Òkun Bá Yàtọ̀ sí Èyí Tí Ó San Owó Fún

Ní ìgbà kan rí, ẹni tí ó bá fẹ́ ra bàtà tàbí aṣọ láti Ìlú Ọba láì kúrò ní ìlú rẹ̀ a máa wo ìwé tí a ya àwòrán ọjà sí, a kọ lẹ́tà, a sì fi owó ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹrù rẹ̀ a dé. Lónìí, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ni ó di ìwé àwòrán ọjà, káàdì báńkì sì ti gba ipò lẹ́tà. Aránṣọ tí ó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lè ra mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ láti Ṣáínà. Àgbẹ̀ ní ìgbèríko Oǹdó lè ra ohun èlò tí a fi ń fọ́n oògùn sí kòkó. Olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ lè ra ìwé láti Amẹ́ríkà. Òwò náà ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò tíì yí padà láti ìgbà ìwé àwòrán ọjà: òǹrajà ń san owó kí ó tó fi ojú kan ohun tí ó rà. Nítorí náà ni ó fi ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé ohun tí a bá nínú páálí kì í ṣe ohun tí a béèrè fún. Àwọ̀ lè yàtọ̀, ìwọ̀n lè kéré, ẹ̀rọ lè jẹ́ oríṣi mìíràn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kábàámọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ó wà ní òkè-òkun kò ṣeé mú. Èrò yìí kò tọ̀nà. Owó náà lè padà, bí ẹni tí ó ni ín bá mọ ọwọ́ tí owó náà gbà kọjá, tí ó bá ní ẹ̀rí, tí ó sì dìde kí iye ọjọ́ tí a là sílẹ̀ tó pé. Nínú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí, ọjọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù.

ÀPẸẸRẸ KAN

Aránṣọ tí a dárúkọ lókè yìí lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Ó kà á nínú àpèjúwe ọjà pé mọ́tò náà ń lo iná volt 220 sí 240. Èyí dára, nítorí pé volt 230 ni ìwọ̀n iná mànàmáná tí a ń lò ní Nàìjíríà. Nígbà tí ẹrù dé, volt 110 ni ó wà lára irin rẹ̀, irú èyí tí ó bá iná ilẹ̀ Amẹ́ríkà mu. Bí ó bá fi ìkánjú kì í bọ iná, mọ́tò náà yóò jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òǹtajà yóò sì wí pé òǹrajà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ kí ó tó fi sí iná, tí ó sì ya àwòrán rẹ̀, ó ti ní ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Owó mọ́tò kan lè jẹ́ èrè iṣẹ́ oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Aṣọ ọdún tí àwọn oníbàárà ti gbé wá ń dúró dè é, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì ń wò ó lójú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ra ọjà lọ́nà báyìí mọ ohun tí ó kàn láti ṣe.

ỌWỌ́ TÍ OWÓ Ń GBÀ KỌJÁ

Owó tí a fi káàdì san kì í fò láti ọwọ́ òǹrajà bọ́ sí ọwọ́ òǹtajà lẹ́ẹ̀kan náà. Báńkì tí ó fún òǹrajà ní káàdì ni yóò kọ́kọ́ yọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì náà, gẹ́gẹ́ bí Visa tàbí Mastercard, ni yóò darí rẹ̀ lọ sí báńkì òǹtajà. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ilé-ọjà ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òǹtajà ti ń tajà, ilé-ọjà náà yóò wà láàárín bí alágbàtà. AliExpress, tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Alibaba ti ilẹ̀ Ṣáínà, a máa di owó òǹrajà mú títí yóò fi jẹ́wọ́ pé ẹrù ti tẹ òun lọ́wọ́ tàbí títí àkókò rẹ̀ yóò fi kọjá. Ilé-ọjà eBay ti Amẹ́ríkà náà ṣe ìlérí pé òun yóò dá owó padà fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá bá àpèjúwe mu, bí ó bá tẹ̀lé ìlànà.

Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọwọ́ mẹ́ta ni òǹrajà lè dì mú: ọwọ́ òǹtajà, ọwọ́ ilé-ọjà, àti ọwọ́ báńkì. Bí ìkíní bá já, ìkejì wà. Bí ìkejì bá já, ìkẹta wà. Ṣùgbọ́n àwọn òǹtajà kan wà tí wọn yóò sọ fún òǹrajà pé kí ó jẹ́ kí àwọn jáde kúrò ní ilé-ọjà, kí ó fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àpò owó àwọn ní báńkì, kí àwọn lè bá a dín owó ọjà kù. Ẹni tí ó bá gbà ti já ọwọ́ méjì nínú mẹ́ta náà dànù. Ilé-ọjà kò mọ̀ nípa owó náà mọ́, báńkì kò sì ní ìlànà káàdì tí yóò fi bá a gbà á. Ẹ̀dínwó kékeré ni a fi tàn án.

NÍ ỌJỌ́ TÍ ẸRÙ BÁ DÉ

Iṣẹ́ gbígba owó padà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a kò tíì tú ẹrù. Kí òǹrajà má ṣe tẹ ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹrù ti dé ní pípé, títí yóò fi tú u tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò tán. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti sọ fún ilé-ọjà pé kí wọ́n tú owó sílẹ̀ fún òǹtajà.

Kí ó wá ẹnì kan tí yóò fi fóònù ya fídíò nígbà tí òun bá ń tú ẹrù náà. Kí fídíò náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí páálí ṣì wà ní dídì, kí ó sì hàn kedere nínú rẹ̀ ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn páálí: orúkọ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, ìwọ̀n rẹ̀, àti nọ́ńbà tí a fi ń tọpa ẹrù. Nọ́ńbà ẹrù tí ó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá láti ilẹ̀ òkèèrè a máa ní lẹ́tà 2 níwájú, nọ́ńbà 9 láàárín, àti lẹ́tà 2 lẹ́yìn tí ń sọ ilẹ̀ tí ó ti wá: CN fún Ṣáínà, GB fún Ìlú Ọba, US fún Amẹ́ríkà. Ìwọ̀n ẹrù náà ṣe pàtàkì. Bí òǹtajà bá fi aṣọ ìnujú ránṣẹ́ dípò mọ́tò, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara páálí ni yóò tú àṣírí rẹ̀, nítorí kò sí mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ya àwòrán ọjà tí kò tọ̀nà náà láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ pé gígùn rẹ̀ ni kò pé, kí ó tẹ́ ìwọ̀n aránṣọ lé e lórí kí ó tó yà á. Kí ó tún ya àwòrán ojú fóònù níbi tí àpèjúwe ọjà wà, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ tí ó rà á, nítorí pé òǹtajà lè yí àpèjúwe náà padà ní ọjọ́ kejì. Kí ó má ṣe lo ọjà náà, kí ó má sì ṣe ju páálí rẹ̀ nù.

Ọ̀NÀ KÌN-ÍN-NÍ: ILÉ-ỌJÀ

Òǹtajà ni a ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n inú ilé-ọjà náà gan-an ni kí a ti kọ ọ́, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ìta, ilé-ọjà lè sọ pé òun kò gbọ́. Ìwé náà kò ní láti gùn, kò sì yẹ kí èébú wà nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó tó: ohun tí a béèrè fún, ohun tí ó dé, àti ohun tí a ń fẹ́. Aránṣọ náà lè kọ ọ́ báyìí:

“Mo béèrè fún mọ́tò ẹ̀rọ ìránṣọ tí ń lo iná volt 220 sí 240, gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe yín. Èyí tí ó dé ní ọjọ́ 4 oṣù yìí jẹ́ ti volt 110, kò sì ṣeé lò ní Nàìjíríà. Àwòrán rẹ̀ nìyí. Mo ń fẹ́ kí ẹ dá gbogbo owó mi padà, kí ẹ sì sọ bí ẹ ó ṣe gba mọ́tò yín láì jẹ́ pé èmi ni n óò san owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀.”

Bí òǹtajà kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ni lọ́rùn, a ó pe ẹjọ́ sí ọ̀dọ̀ ilé-ọjà. Níbí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti wọlé. Ní eBay, òǹrajà ní ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí ẹrù dé. Lẹ́yìn tí ó bá ti fi ẹ̀sùn sílẹ̀, a fún òǹtajà ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti yanjú rẹ̀; bí kò bá yanjú rẹ̀, òǹrajà lè ní kí eBay dá sí i. Ní AliExpress, ọjọ́ 15 lẹ́yìn tí ẹrù bá dé ni ìlànà máa ń fún òǹrajà. Ilé-ọjà kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀, wọ́n sì lè tún un ṣe nígbàkigbà. Nítorí náà, ohun tí a kọ sí ojú-ewé ọjà tí a rà gan-an ni kí a tẹ̀lé. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá dé ní ọjọ́ Ajé, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí kí ó tó sọ̀rọ̀. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé-ọjà náà yóò béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu òǹtajà kí ó tó dá ẹjọ́. Àwòrán àti fídíò ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, nítorí pé onídàájọ́ náà kò sí ní Ìsẹ́yìn, kò sì lè wá wo mọ́tò náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n mẹ́ta ni àwọn òǹtajà tí kò ní òótọ́ máa ń lò. Èkíní ni pé kí òǹrajà ní sùúrù, pé òmíràn ti wà lọ́nà. Nígbà tí ọjọ́ bá fi máa pé, kò sí ẹrù, ẹnu ọ̀nà ẹjọ́ sì ti sé. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n inú ẹjọ́ tí a ti pè ni kí a ti ní sùúrù. Èkejì ni pé òǹtajà yóò fi ìdá díẹ̀ nínú owó lọ òǹrajà, bí ó bá lè fagi lé ẹ̀sùn rẹ̀. Ẹni tí ọjà náà ṣì wúlò fún lè gbà á bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pa ẹ̀sùn náà dé kí owó tó wọlé, nítorí pé ẹ̀sùn tí a bá fi ọwọ́ ara ẹni pa dé lè má ṣeé ṣí mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé òǹtajà yóò ní kí a fi owó ara wa dá ẹrù náà padà sí Ṣáínà, nígbà tí owó ìfiránṣẹ́ náà pọ̀ ju owó ọjà lọ. Ní eBay, òǹtajà ni ó ni ẹrù owó ìdápadà nígbà tí ọjà kò bá bá àpèjúwe mu. Kí òǹrajà béèrè nínú ìwé rẹ̀ pé kí òǹtajà san án, kí ilé-ọjà lè rí i pé òun kò kọ̀ láti dá ẹrù padà.

Ọ̀NÀ KEJÌ: BÁŃKÌ

Bí ilé-ọjà bá kùnà, tàbí tí ó bá jẹ́ pé òǹtajà ní ilé-ìtajà tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì sí alágbàtà láàárín, báńkì ni ó kàn. Ìlànà kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní chargeback. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé báńkì òǹrajà yóò béèrè owó náà padà lọ́wọ́ báńkì òǹtajà, gẹ́gẹ́ bí òfin Visa tàbí ti Mastercard ti là á sílẹ̀. Àwọn báńkì tí ń lo káàdì wọ̀nyí ní láti tẹ̀lé òfin náà, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Bẹijing ni wọ́n wà. Ìdí nìyí tí ọwọ́ báńkì fi lè dé ibi tí ọwọ́ òǹrajà kò lè dé.

Ọjọ́ 120 ni a sábà máa ń fún ni lábẹ́ òfin àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì, a sì lè kà á láti ọjọ́ tí ọjà dé nígbà tí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ọjà tí kò bá àpèjúwe mu. Ó dàbí ẹni pé ọjọ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n báńkì pẹ̀lú nílò àkókò láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ní ọjọ́ 118 lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Báńkì yóò béèrè ẹ̀rí pé òǹrajà ti kọ́kọ́ bá òǹtajà sọ̀rọ̀, àti pé ó ti dá ọjà náà padà tàbí ó ti gbìyànjú láti dá a padà. Ìwé tí a ti kọ nínú ilé-ọjà ni yóò jẹ́rìí sí èyí.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé akọ̀wé tí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà báńkì kò mọ ìlànà yìí dáadáa. Kí òǹrajà béèrè fún ẹ̀ka tí ń bójú tó ẹ̀sùn lórí káàdì, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó so àwòrán mọ́ ọn, kí ó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn tàbí ẹ̀dà lẹ́tà tí a lu òǹtẹ̀. Bí báńkì bá dákẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹ̀ka tí ń dáàbò bo oníbàárà ní báńkì àgbà ti orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CBN.

Ẹni tí ó bá san owó nípasẹ̀ PayPal ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tí ó sanwó láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú òǹtajà níbẹ̀, ó ní ọjọ́ 20 láti sọ pé kí PayPal fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn náà yóò kú.

Kò dára láti pe ẹjọ́ ní ilé-ọjà àti ní báńkì ní àkókò kan náà. Bí báńkì bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé-ọjà sábà máa ń pa ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Kí òǹrajà kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ̀nà ilé-ọjà títí dé òpin, ṣùgbọ́n kí ó máa ka ọjọ́ 120 náà lọ. Bákan náà, ẹni tí ọjà rẹ̀ dára tí ó sì ń parọ́ pé kò dára ń ṣe olè ni. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú, wọ́n lè lé e kúrò ní ilé-ọjà.

Ohun kan ṣe pàtàkì fún àwọn tí wọ́n ń bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ní fóònù láti bá wọn rajà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì ni báńkì mọ̀. Òun ni yóò pe ẹjọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó yóò sì padà sí. Kí àwọn méjèèjì ti ní àdéhùn lórí èyí kí wọ́n tó rajà.

OHUN TÍ ÒFIN ORÍLẸ̀-ÈDÈ SỌ

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní òfin kan tí ó dáàbò bo àwọn tí ń ra ọjà. Òfin ọdún 2018 ni, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Òfin yìí ni ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti rọ́pò àjọ CPC àtijọ́. Abala 122 nínú rẹ̀ sọ pé òǹrajà lè dá ọjà padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ bí ó bá ti sọ fún òǹtajà iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ọjà náà ṣe, tí ọjà náà kò sì yẹ fún iṣẹ́ náà. Ó tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó sì rí i pé kò bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tí ó bójú mu.

Òfin náà lágbára lórí ẹni tí ń tajà ní Nàìjíríà, kódà bí ọjà tí ó ń tà bá ti òkè-òkun wá. Ó sì lè mú ilé-iṣẹ́ ńlá ti òkèèrè tí ń ṣòwò pẹ̀lú àwọn ará Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ Meta tí ó ni Facebook àti WhatsApp. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀ fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n òǹtajà kékeré tí ó wà ní ìlú kan ní Ṣáínà, tí kò ní ọ́fíìsì tàbí ìsọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ṣòro fún àjọ náà láti mú. Nítorí náà, ilé-ọjà àti báńkì ni kí a kọ́kọ́ lọ. Àjọ FCCPC ni kí a lọ bá nígbà tí òǹtajà, alágbàtà tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń kó ẹrù bá wà ní Nàìjíríà.

ẸRÙ TÍ ALÁGBÀTÀ Ń KÓ WÁ

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í jẹ́ kí òǹtajà fi ẹrù ránṣẹ́ tààrà sí Nàìjíríà. Wọ́n a ní kí ó gbé e lọ sí ilé-ìkẹ́rù alágbàtà kan ní Guangzhou, kí alágbàtà náà lè kó o pọ̀ mọ́ ẹrù àwọn ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀nà yìí ń dín owó kù, ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Ọjọ́ tí ẹrù wọ ilé-ìkẹ́rù ní Guangzhou ni ilé-ọjà yóò kà sí ọjọ́ tí ó dé ọwọ́ òǹrajà. Ẹrù náà yóò ṣì wà lórí òkun nígbà tí ọjọ́ 15 tàbí ọjọ́ 30 yóò pé. Ní eBay ẹ̀wẹ̀, ìlérí ìdápadà owó kò bo ẹrù tí a tún fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn lẹ́yìn tí ó ti dé àdírẹ́sì àkọ́kọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí oníṣòwò bá alágbàtà ṣe àdéhùn pé kí ó tú ẹrù náà ní Guangzhou ní ọjọ́ tí ó bá dé, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ kí ó tó kó o sínú ọkọ̀. Bí alágbàtà bá gba owó díẹ̀ fún un, owó náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdánù gbogbo ọjà. Bí ọjà bá sì yàtọ̀, ó rọrùn láti dá a padà láti ìlú kan sí èkejì ní Ṣáínà ju láti Èkó lọ.

BÍ ÌBÁTAN BÁ RÀ Á NÍ ÒKÈ-ÒKUN

Àwọn ìdílé kan a máa bẹ ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà láti bá wọn rajà. Ó dára kí ọmọ náà mọ òfin ibẹ̀. Ní Ìlú Ọba, abala 75 nínú òfin owó àwìn ti ọdún 1974 sọ pé bí a bá fi káàdì àwìn ra ohun kan tí iye rẹ̀ ju pọ́n-ùn 100 lọ, tí kò sì kọjá pọ́n-ùn 30,000, ilé-iṣẹ́ tí ó fúnni ní káàdì náà ni yóò jọ dáhùn pẹ̀lú òǹtajà bí ọjà bá ní àléébù tàbí tí kò bá bá àpèjúwe mu. Ní ọdún 2007, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ níbẹ̀ nígbà náà dá a pé òfin yìí dé orí ọjà tí a rà láti ilẹ̀ òkèèrè. Káàdì àwìn nìkan ni òfin náà ń sọ, kì í ṣe èyí tí ń yọ owó tí a ti fi pamọ́. Ó sì lè má bo ọjà tí a rà nípasẹ̀ ilé-ọjà tí ó gba owó náà fún ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, òfin mìíràn ti ọdún 1974 fún ẹni tí ó ní káàdì àwìn ní ọjọ́ 60, láti ìgbà tí a ti fi ìwé gbèsè náà ránṣẹ́ sí i, láti kọ lẹ́tà pé ohun tí ó dé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe àdéhùn lé lórí.

OWÓ TÍ KÌ Í PADÀ, ÀTI ÀWỌN TÍ Ń FẸ́ JÍ I

Kí ẹni tí owó rẹ̀ bá padà má ṣe yà á lẹ́nu bí iye náírà rẹ̀ kò bá bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi gba owó náà, dọ́là ni wọn óò fi dá a padà, báńkì yóò sì ṣẹ́ ẹ ní iye tí dọ́là jẹ́ ní ọjọ́ náà. Ó lè dín, ó sì lè lé. Owó ibodè tí a ti san fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kì í sábà wà lára ohun tí òǹtajà ń dá padà.

Níkẹyìn, àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ bá há sí ìta ń wá olùrànlọ́wọ́ kiri. Wọ́n a máa tẹ̀ ẹ́ láago pé àwọn ti ilé-ọjà tàbí ti báńkì wá, pé owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, kìkì pé kí ó sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀, tàbí nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, tàbí kí ó kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ díẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀nà tí owó gbà lọ ni yóò gbà padà, kò sì sí ìkankan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tí a nílò láti fi owó sí àpò ẹni. Ẹni tí ó bá sọ wọ́n jáde yóò pàdánù èyí tí ó kù mọ́ èyí tí ó ti lọ.

Àkópọ̀ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí a san owó nínú ilé-ọjà, kí a sì fi káàdì san án. Kí a ka àpèjúwe ọjà dáadáa, kí a sì tọ́jú àwòrán rẹ̀. Kí a ya fídíò bí a bá ń tú ẹrù. Kí a má ṣe jẹ́wọ́ gbígbà kí a tó yẹ ọjà wò. Kí a kọ ọjọ́ tí ẹrù dé sí ara ògiri tàbí sínú ìwé, kí a sì ka ọjọ́ tí ó kù láti ibẹ̀ lọ. Ní ilé ìkàwé ìletò kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ẹni tí ó mọ̀wé ran ẹni tí kò mọ̀wé lọ́wọ́ láti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.